Mo fẹ́ gbé sípíà táyà 4Runner mi kúrò lábẹ́ wá sí ẹ̀yìn: ta ló ti ṣe é nílé rí?

Àlàdé_ÒkèÀdó (Sátidé, 8:15 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. 4Runner ọdún 1999 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì V6 oní 3.4. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì tíì dójú tì mí. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n gbé sípíà táyà rẹ̀ sí: abẹ́ ìdí mọ́tò, ṣéènì ni wọ́n fi fà á kọ́ síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń ti Ìlọrin bọ̀, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ́ kí n tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò ń rọ̀. Mo kó gbogbo ẹrù búùtù sílẹ̀ kí n tó rí irin tí wọ́n fi ń yí ṣéènì náà. Mo ki irin náà bọ ihò rẹ̀, mo yí i, yí i, kò mira. Ìpẹtà ti dì í pa. Ọmọkùnrin kan tó ń ta iṣu létí títì ló bá mi wọ abẹ́ mọ́tò nínú ẹrẹ̀, ó fi òkúta lù ú títí sípíà fi já lulẹ̀ gbì. Ìgbà tí mo nù ún, mo rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 2309. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ju àbíkẹ́yìn mi lọ lọ́jọ́ orí ni mo fi rọra wọ́ dé Ìbàdàn.

Mo ti pinnu. N ó gbé sípíà yẹn síta, sí ẹ̀yìn, bíi ti RAV4 àti Prado. Èrò mi ni kí n lu ihò mẹ́ta sára ilẹ̀kùn búùtù, kí n fi bóòtù dè é síbẹ̀. Mo ní díríìlì, mo ní sípánà, mo sì ní Sátidé mẹ́ta tí n ò lọ síbi kankan. Ta ló ti ṣe é rí?

Abẹ̀kẹ́Onísípánà (Sátidé, 8:52 alẹ́)

Àlàdé, gbé díríìlì yẹn sílẹ̀ ná. Má lu ihò kankan sára ilẹ̀kùn yẹn o.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn RAV4 àti Prado àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣí sí, bí ilẹ̀kùn yàrá. Wọ́n mọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é pé yóò ru táyà, wọ́n sì ti fi irin kún inú rẹ̀. Ti 4Runner tìẹ, òkè ló ń lọ. Ṣọ́kì gáàsì méjì péré ló ń gbé e dúró, ti ọ̀pọ̀ wa sì ti kú, igi la fi ń tì í. Táyà 265/70R16 pẹ̀lú rímù rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 30. Ìwọ ṣáà ro ara rẹ wò níbi tí o ti tẹ̀ mọ́ búùtù, tí ò ń wá agolo epo, tí kílò 30 so rọ̀ sókè orí rẹ lára ṣọ́kì tó ti kú.

Nǹkan kejì: gíláàsì ẹ̀yìn 4Runner, inú ilẹ̀kùn yẹn ló ń wọ̀ tí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Bóòtù tí o bá fi gba ibẹ̀ kọjá, gíláàsì á bá a pàdé lọ́nà. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ó ń wá gíláàsì kiri di òní.

Ọmọ_Ládípò (Sátidé, 9:10 alẹ́)

Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ra ẹ̀rọ ṣéènì tòkunbọ̀ míì, fi gíríìsì pa á dáadáa, dá a padà sábẹ́. Àwọn tó ṣe mọ́tò yẹn ò ya wèrè tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀.

Àlàdé_ÒkèÀdó (Sátidé, 9:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Ládípò, ẹ ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn. Sípíà tó bá mọ́tò yìí dé láti òkè òkun, wọ́n ti jí i gbé. Ìnáwó la lọ, mo páàkì sẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí a tó jó tán wọ́n ti gé ṣéènì. Oṣù kan kọjá kí n tó mọ̀, torí ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò lójoojúmọ́? Èyí tó jẹ́ ti 2009 yẹn, èmi ni mo sáré rà á dípò rẹ̀, n ò wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Tó bá wà lẹ́yìn, ojú mi á máa tó o.

Àǹtí Abẹ̀kẹ́, ẹ ṣé o. Ó kù díẹ̀ kí n dá ihò yẹn lu. Ara bọ́ḿpà wá ńkọ́?

BàbáWẹ́dà_Ìlọrin (Àìkú, 6:20 àárọ̀)

Ọmọ mi, bọ́ḿpà kọ́. Páànù ni bọ́ḿpà yẹn, dídán tó ń dán ló ń tàn ọ́ jẹ. So kílò 30 mọ́ ọn kí o gun gálọ́ọ̀pù mẹ́wàá, á ti máa ya níbi bóòtù. Ìwúwo táyà bó ṣe dúró kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, bó ṣe ń fò ni. Táyà tó ń ju ara rẹ̀ sókè sódò nínú kòtò, kílò 30 kọ́ ni mọ́, irin ló sì ń gba gbogbo rẹ̀ sára.

Wọ abẹ́ mọ́tò. Wàá rí ẹsẹ̀ ṣáásí méjì tó gùn wá sẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ihò wà lára wọn, níbi tí àwọn tó ń fa tírélà máa ń de ìkọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Irin ìdábùú kan, páìpù onígun mẹ́rin ìnṣì 2 sí ìnṣì 2 tó nípọn tó mílímítà 4, yóò ti ara ṣáásí kan dé ara èkejì. Ní ìkángun kan ni òpó tí apá yóò máa yí lé lórí. Ní ìkángun kejì ni ìkọ́ tí yóò dè é. Apá yìí ló ru táyà. Tí o bá fẹ́ ṣí búùtù, tú ìkọ́, ti apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn rẹ á lọ sókè bó ṣe máa ń lọ.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń jó irin. Gbogbo irú èyí tí mo rí tó bàjẹ́, ibi òpó yẹn ló ti bàjẹ́. Wọ́n á ki páìpù kékeré bọ páìpù ńlá, wọ́n á ní ó ti tán. Ṣé o mọ géètì ilé tí wọn ò fi táyà sí nísàlẹ̀? Kò ní pẹ́ tí á fi máa wọ́ ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ tì í á kọ́kọ́ gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni apá yìí ń ṣe é tẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mọ́tò bá ń rìn, òpó nìkan kọ́ ló gbọ́dọ̀ ru táyà. Jó ìtìlẹ́ kan sí ìkángun tí ìkọ́ wà, irin tó dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí apá gun orí rẹ̀ kó jókòó nígbà tó bá ń padé. Tó bá ti jókòó, ó ti ní ẹsẹ̀ méjì. Ìgbà tó bá ṣí nìkan ni òpó ń dá a gbé.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó ohunkóhun mọ́ ṣáásí fún ọ. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni kí wọ́n ti jó irin pọ̀, bóòtù ni kí o fi dè é mọ́ mọ́tò nílé.

Rìwáyà_Ṣágámù (Àìkú, 7:45 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ jíjó tí ẹ sọ yẹn, mo ti rí i lójú ayé. Oníbàárà mi kan gbé Pathfinder lọ bá wẹ́dà àdúgbò rẹ̀ pé kó jó ìkọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọn ò tú orí bátìrì. Wáyà ilẹ̀ wà lẹ́nu bọ́ḿpà iwájú, wọ́n ń jó irin ní ìdí, iná wá gba gbogbo ara mọ́tò kọjá. Ìgbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ọ́tánétọ̀ ò fi iná ránṣẹ́ mọ́, bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, ti lọ. Tó bá di dandan kí ẹ jó nǹkan lára mọ́tò, ẹ tú bátìrì, ẹ fi wáyà ilẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ń jó gan-an, ẹ sì kọ́kọ́ wo ibi tí páìpù bẹntiróòlù gbà kọjá.

Àjàní_Houston (Àìkú, 3:05 ọ̀sán)

Houston ni mo wà, 2001 ni tèmi. Èyí tí wọ́n ti ṣe tán ni mo rà, irú èyí tí wọ́n ń ki bọ ẹnu ìkọ́ tírélà oní ìnṣì 2. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló gbà mí. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í dún gbàgà-gbàgà lẹ́yìn mi, torí ẹnu ìkọ́ yẹn fẹ̀ ju irin tó wọ inú rẹ̀ lọ díẹ̀. Bí Àlàdé bá fi bóòtù de tirẹ̀ mọ́ ṣáásí, ó ti ṣe jù mí lọ nìyẹn.

Ìbéèrè mi: apá wo ni òpó máa wà? Ẹ má fi RAV4 àti Prado ṣe àwòkọ́ṣe o. Ọ̀tún ni híńjì tiwọn wà. Ní Jàpáàn, òsì títì ni wọ́n ń rìn. Ẹni tó bá páàkì, òsì rẹ̀ ni etí ọ̀nà. Ilẹ̀kùn á ṣí lọ sápá títì, òun á dúró sétí ọ̀nà kó ẹrù rẹ̀ láìséwu. Èmi níhìn-ín àti ẹ̀yin nílé, ọ̀tún la ń rìn. Bí híńjì bá wà lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn ló máa dí etí ọ̀nà mọ́ ẹ, inú títì níbi tí dáńfó ti ń bọ̀ ni wàá dúró sí.

Abẹ̀kẹ́Onísípánà (Àìkú, 3:40 ọ̀sán)

Háà! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wa CR-V àkọ́kọ́ yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ọjà ni mo máa ń yí ìdí ilẹ̀kùn po bí ẹni ń jó bàtá. Mo ti rò pé páàkì ni n ò mọ̀ ọ́n ṣe.

BàbáWẹ́dà_Ìlọrin (Àìkú, 5:15 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọdé ni mí nígbà tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Bàbá mi ò gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí àwọn aláyà líle kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Àlàdé, gbé òpó sósì.

Ọmọ_Ládípò (Ajé, 12:20 ọ̀sán)

Ó jọ pé ẹ ò ní gbọ́ tèmi pé kẹ́ ẹ dá a padà sábẹ́, ẹ jẹ́ kí n kúkú ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má wulẹ̀ ṣe òpó kankan. Ẹ lọ ra ọ̀pá ẹ̀yìn Golf 3, èyí tí dúrọ́ọ̀mù táyà ń yí lé lórí. Bíárìn méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn, àwọn onígẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó dojú kọra wọn, ìdí odindi mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé, kí ni táyà kan máa ṣe wọ́n? Ihò bóòtù mẹ́rin wà nídìí ọ̀pá náà. Ẹ gbé e nàró kí orí rẹ̀ kọjú sókè, ẹ fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́ irin ìdábùú. Dúrọ́ọ̀mù á dé e lórí bíi fìlà, omi òjò ò sì ní rọ́nà wọlé bẹ́ ẹ bá fi ìdérí rẹ̀ sí i. Ihò mẹ́rin tí wọ́n fi ń de táyà lójú dúrọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ de apá mọ́.

BàbáWẹ́dà_Ìlọrin (Ajé, 8:00 alẹ́)

Ọgbọ́n lèyí. Ó fẹ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yìn mọ́tò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni. Kìkì kí wẹ́dà kankan má tàn ọ́ pé òun á jó apá mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Irin dídà ni dúrọ́ọ̀mù, bí wọ́n bá jó o bí a ṣe ń jó irin lásán, á là nígbà tó bá ń tutù. Bóòtù mẹ́rin yẹn náà ni.

ÌyáRàṣídì (Ìṣẹ́gun, 10:11 àárọ̀)

Èmi tí mò ń kà á bọ̀ láti òkè, ẹ dákun. Olè tó wọ abẹ́ mọ́tò nínú òkùnkùn lọ jí èyí àkọ́kọ́ gbé, ṣé èyí tí ẹ gbé síta gbangba yìí ni kò ní rí?

Àjàní_Houston (Ìṣẹ́gun, 3:30 ọ̀sán)

Ìyá wa, á rí i. Ṣùgbọ́n ti abẹ́, ó lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Níbí, á dúró sójú gbogbo ayé. Nọ́ọ̀tì kan tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ni kí Àlàdé fi kún àwọn yòókù, kó wá ki ṣéènì gba ojú rímù yí apá po, kó fi àgádágodo dè é. Olè tó bá fẹ́ gé gbogbo ìyẹn, á nílò wákàtí kan àti jẹnẹrétọ̀.

Àlàdé_ÒkèÀdó (Sátidé kejì, 4:45 ìrọ̀lẹ́)

Ìròyìn dé. Mo lọ sí Àràrómì ní Gate láàárọ̀ yìí. Ọ̀pá Golf 3 ò ṣòro rí rárá. Ẹni tó tà á fún mi bi mí pé ẹ̀gbẹ́ wo ló bàjẹ́ lára Golf mi. Mo ní 4Runner ni mo fẹ́ lò ó fún. Ó wò mí títí, ó gba owó rẹ̀. Bíárìn tuntun ni mo rà sí i, mo ro gíríìsì kún un. Mo gbé e ka orí tábìlì, mo fi ìka kan yí dúrọ́ọ̀mù, ó ń yí lọ láìdún.

Irin ìdábùú àti ti apá, páìpù tó ń dán tí wọ́n ti fi síńkì bò ni mo rà, kó má baà dípẹtà. Wẹ́dà ní kí n gbé e wá lọ́la.

Abẹ̀kẹ́Onísípánà (Sátidé kejì, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Má gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Tí iná bá kan síńkì yẹn, èéfín funfun ló ń yọ, ẹni tó bá fà á símú á gbọ̀n lóru bí ẹni tí ibà mú. Àwọn wẹ́dà wa á ní mílíìkì làwọn ń mu sí i. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ, wọn ò lè pàdé. Ní kó fi gíráńdà ha síńkì kúrò ní gbogbo ibi tó máa jó, ìnṣì 2 sí ọ̀tún, ìnṣì 2 sí òsì, títí ojú irin gan-an á fi yọ. Kó jó o níta, kí afẹ́fẹ́ máa gbá èéfín kúrò lójú rẹ̀. Tó bá tutù, kí o fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kun gbogbo ibi tí wọ́n ha.

Àlàdé_ÒkèÀdó (Àìkú kejì, 7:30 alẹ́)

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wẹ́dà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló rán mi. Ṣùgbọ́n ó ha á.

Irin ìdábùú ti wà lára mọ́tò báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ ihò ṣáásí kan, díríìlì mílímítà 5 ṣáájú, 8 tẹ̀ lé e, 12 kádìí rẹ̀, mo ń ta epo sí ẹnu rẹ̀ kó má baà gbóná. Mo ki bóòtù M12 gbà á kọjá, èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, nọ́ńbà tó ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe le tó, mo ń fà á mọ́. Nọ́ọ̀tì ń wọlé, ó ń wọlé, inú mi ń dùn. Àfi bí mo ṣe tan tọ́ọ̀ṣì sí i tí mo rí ẹ̀gbẹ́ ṣáásí méjèèjì tó ń tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì tí ọmọdé fọwọ́ tẹ̀! Kò kúkú sí nǹkan nínú ṣáásí yẹn, àpótí òfìfo ni.

Mo tú u kíá. Mo gé páìpù kékeré tí bóòtù lè gba inú rẹ̀ kọjá, mo gé e kó bá inú ṣáásí mu gẹ́lẹ́, mo so ó mọ́ wáyà, mo tì í wọlé láti ẹnu ṣáásí lẹ́yìn. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń wá ihò pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ lókùnkùn. Ìgbà tí bóòtù wá gba inú páìpù yẹn kọjá, mo fà á mọ́, ó le gan-an, ṣáásí ò sì tẹ̀ mọ́. Mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà lẹ́nu ni mo lò, kó má tú lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo gun orí irin ìdábùú tí mo ń fò lórí rẹ̀, mọ́tò ló ń mì, irin ò mì.

BàbáWẹ́dà_Ìlọrin (Àìkú kejì, 8:10 alẹ́)

Páìpù inú ṣáásí yẹn, èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Àgbà ti ń gbàgbé. O ṣe é bó ṣe yẹ.

Pathfinder98 (Ajé, 9:40 àárọ̀)

Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé mo lè ṣe irú rẹ̀ sí Pathfinder 1998 mi?

Abẹ̀kẹ́Onísípánà (Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Kò rí bákan náà. Ti 4Runner, ṣáásí dá dúró, ara mọ́tò jókòó lé e lórí. Pathfinder tí wọ́n ṣe láti 1996 di 2004, ara àti ṣáásí rẹ̀ ti di ọ̀kan. Má lu ihò kiri lára rẹ̀. Wá ìkọ́ tírélà tí wọ́n ṣe fún un gan-an, èyí tó ń dì mọ́ ibi tí wọ́n ti fi irin kún, kí o wá gbé irú ti Àjàní sí i. Kí o fara mọ́ gbàgà-gbàgà rẹ̀.

Àlàdé_ÒkèÀdó (Sátidé kẹta, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ gbà mí o. Apá ti wà lórí òpó, ó ń ṣí bí ilẹ̀kùn fìríìjì. Wẹ́dà ti bá mi jó páìpù ìnṣì 4 tó yọ síwájú lára apá, irin pẹlẹbẹ wà lẹ́nu rẹ̀, sítọ́ọ̀dù mẹ́ta, àwọn bóòtù aláìlórí tí nọ́ọ̀tì táyà ń wọ̀, sì wà lára irin náà. Sítọ́ọ̀dù táyà 4Runner gan-an ni mo rà, M12 oní 1.5, kí sípánà táyà kan náà lè tú gbogbo rẹ̀. Mo gbé táyà sí i, kò dé! Sítọ́ọ̀dù ò yọ lójú rímù. Ikùn táyà ti fara ti apá, rímù ò sì tíì kan irin pẹlẹbẹ yẹn.

Àjàní_Houston (Sátidé kẹta, 2:00 ọ̀sán)

Rímù kì í ṣe àwo pẹrẹsẹ. Táyà tìẹ fẹ̀ tó mílímítà 265, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 132. Rímù oní 16 tó bá mọ́tò wa dé, ibi tí nọ́ọ̀tì ń dì mọ́ ti kúrò láàárín, ó fi mílímítà 15 sún síta. Rò ó pọ̀: 147. Ìnṣì 4 tí o jó síbẹ̀ ò ju 102 lọ. Ìnṣì 6 ni wàá lò, ìyẹn 152, àlàfo tó kù ò tó ìbú ìka kan. Lẹ rọ́bà mọ́ apá níbẹ̀ kí táyà fẹ̀yìn tì í.

Nọ́ọ̀tì náà: rímù alúmíníọ̀mù Toyota àtijọ́ yìí, nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn gígùn tó ní wáṣà pẹrẹsẹ ló ń lò. Ti rímù irin ló rí ṣóńṣó lẹ́nu. Má pààrọ̀ wọn.

Rìwáyà_Ṣágámù (Sátidé kẹta, 3:18 ọ̀sán)

Kí táyà yẹn tó jókòó: ṣé ẹ ti wo nọ́ńbà ọkọ̀? Táyà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 77 yóò bò ó mọ́lẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ò sì ní gbà kẹ́ ẹ máa fẹnu ka nọ́ńbà fún wọn. Ẹ gbé e wá sára apá, kẹ́ ẹ fa wáyà iná rẹ̀ tẹ̀ lé e. Níbi òpó, ẹ jẹ́ kí wáyà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kẹ́ ẹ ká a róbótó kan síbẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni yóò máa na ara rẹ̀. Bí ẹ bá fà á le, kò ní pẹ́ já. Ẹ dúró sẹ́yìn mọ́tò lálẹ́, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì fún yín, kẹ́ ẹ rí i pé gbogbo iná rẹ̀ ló hàn.

Àlàdé_ÒkèÀdó (Ọjọ́rú, 9:25 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo pààrọ̀ páìpù sí ìnṣì 6, táyà jókòó. Táyà tuntun ni o, mo ti fi ti 2009 yẹn gbin ewédú sẹ́yìn ilé. Lánàá mo gbé mọ́tò lọ sí Ìlọrin, mo dé nírọ̀lẹ́ òní.

Láti ilé dé Mọ́níyà, ariwo wà. Mo dúró, mo mi táyà, kò mira. Mo mi apá, kò mira. Ìkọ́ gan-an ló ń gbọ̀n nínú ilé rẹ̀. Mo gé rọ́bà tíúbù ògbólógbòó lọ́dọ̀ fọ́kanáísà kan, mo tẹ́ ẹ sórí ìtìlẹ́, ìkọ́ wá ní láti fà á wọlé pẹ̀lú agbára. Ariwo tán. Bàbá, ìtìlẹ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀: mo wò ó lẹ́yìn gbogbo kòtò ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, apá ò tẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ìdí mọ́tò sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan ó lé díẹ̀, mo wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí mo parí. Sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́tò yìí ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀, n ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: nígbà tí mo páàkì lórí òkè ní Ìlọrin, tí mo ṣí apá tí mo tẹ̀ mọ́ búùtù, apá ọ̀hún kàn rọra padà bọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi irin gbá mi lójúgun. Ó ṣì wú. Mo ti lu ihò kan sí ìdí apá, mo fi páìnì dè é níbi tó bá ṣí dé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán ń bọ̀ tí iná bá dé, fóònù mi ti fẹ́ kú.

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo yà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin oníṣu ọjọ́sí. Ó dá mọ́tò mọ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù Golf, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyí." Mo ra iṣu mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ṣí apá fún mi.